Ta Ni Yóò Dá Ọlọ́pàá Dúró ní Wọ́nwéè?

Ní Abẹ́òkúta, wọ́nwéè kọjá ọ̀rọ̀ owó ìtanràn. Àwọn TRACE, ìyẹn àwọn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kó sójú títì láti ìgbà Gómìnà Gbenga Daniel pé kí wọ́n máa tọ́ ìrìnnà ọkọ̀ sọ́nà, ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ àwọn bá tẹ̀ níbi tó ti ń kọjú sí àwọn tó ń bọ̀, àwọn lè ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ. Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta tó máa bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Àrò ni. Ilé ìwòsàn tí Adéoyè Lámbò, ọmọ Ẹ̀gbá, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba awakọ̀ báyìí.

Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan ló jẹ́ kí n ro ọ̀rọ̀ náà síwájú. Inú Máíkírà la wà, à ń bọ̀ láti Lafẹ́nwá, rédíò ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ wọ́nwéè àti Àrò. Ìyá yìí ní, "Ẹ gbọ́ ná, àwọn ọlọ́pàá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé ẹyọ kan nínú tiwọn dé Àrò rí?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dírẹ́bà nìkan ni kò rín. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín."

Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, gosíló ti dì pa ní Kútọ̀. Ọkọ̀ agbófinró kan (kò dárúkọ iléeṣẹ́ tó ni ín, èmi náà kò ní bá a dárúkọ) yọ kúrò nínú ìlà, ó gun kọ́ńkéré tó pín títì sí méjì, ó bọ́ sí òdìkejì. Kò tan iná orí, kò fọn fèrè. Ni ọkọ̀ mẹ́ta bá tẹ̀ lé e: jíìpù kan, kọ̀rọ̀pé kan, àti òun. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e. Ó ní ohun tóun rò lọ́kàn ni pé bí ẹnikẹ́ni bá wà níwájú, àwọn tó gbébọn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Òótọ́ sì ni, àwọn tó ń mú ọkọ̀ wà níwájú. Wọ́n yà fún ọkọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kí wọn, ó gbọ́wọ́ sórí bí ẹni ń kí ọ̀gá. Jíìpù tan iná, ó rọ́ mọ́ ọn nídìí bí ẹni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, òun náà rá kọjá. Kọ̀rọ̀pé àti Máíkírà ni wọ́n mú. Ó ní nígbà tóun ní, "Ọ̀gá, àwọn tó lọ yẹn ni mo tẹ̀ lé," ẹni tó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ bi òun léèrè pé, "Ṣé ìwọ náà ń lọ mú olè ni?"

Ẹ̀fẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fi ṣe, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ dára ju bó ṣe mọ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni òfin dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí kò ní wàhálà kúrò ńlẹ̀. Abala 308 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló to àwọn tí a kò lè gbé lọ sílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n wà lórí oyè: ààrẹ, igbákejì ààrẹ, gómìnà, igbákejì gómìnà. Ó tán. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá kò sí níbẹ̀, ká má tíì wá sọ kọ́ńsítébù tó ń wa ọkọ̀ pátíróòlù. Àwọn mẹ́rin yẹn pàápàá, òfin kàn ń dúró dè wọ́n títí wọn yóò fi kúrò lórí oyè ni. Òfin àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti 2007 àti ìlànà ìrìnnà tí wọ́n gbé jáde ní 2012 náà kò pín awakọ̀ sí aláṣọ àti aláìláṣọ. "Awakọ̀" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá di sítíárì mú ni. Ṣé ẹ wá rí i, ẹni tó bá ní kí wọ́n jíròrò bóyá ó yẹ kí ọlọ́pàá tẹ̀ lé òfin ìrìnnà, ohun tí òfin ti dáhùn tipẹ́ ló ń bèèrè.

Àyè kan ṣoṣo tó wà, òun ni wọ́n ti wá nà bí rọ́bà. Ọkọ̀ tó bá ń jẹ́ iṣẹ́ pàjáwìrì, yálà ti àwọn panápaná, ti aláìsàn, tàbí ti ọlọ́pàá tó ń lé ọ̀daràn, ní ẹ̀tọ́ pé kí àwa yòókù yà fún un. Kì í ṣe ìlú wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin wọn ti 1984 sọ pé ọkọ̀ ọlọ́pàá lè kọjá ìwọ̀n eré tí wọ́n fi lélẹ̀ bí dídúró lórí ìwọ̀n náà yóò bá dí iṣẹ́ tó ń jẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ òfin kan náà kò yọ ọ́ nínú ẹ̀sùn ìwàkuwà. Nígbà tí wọ́n tún òfin tó wà fún ìwàkuwà ṣe ní 2022, wọ́n ní bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ẹjọ́, ọlọ́pàá tó bá ti gba ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ sáré, ọlọ́pàá mìíràn tó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n fi í wé: ṣé báyìí ni ẹni tó kọ́ ọ dáadáa ì bá ṣe wà á? Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọkọ̀ ni wọ́n yọ̀ǹda fún, aṣọ tó wà lọ́rùn awakọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ìdí tí fèrè àti iná orí fi ṣe pàtàkì náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ rò pé fèrè ni ọlọ́pàá fi ń gba ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wà lójú títì ni fèrè ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wo obìnrin tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Pánṣẹ́kẹ́ nígbà tó bá fẹ́ sọdá. Apá ọ̀tún tàbí òsì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wò, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ọmọ iléèwé náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wá yọ lẹ́yìn wọn láìdún láìfọhùn, àwọn kọ́ ló ṣe àìkíyèsí. Bó sì ṣe jẹ́ pé orí ni ọkọ̀ méjì fi ń lura wọn ní wọ́nwéè, eré tí èyí ń bá bọ̀ àti eré tí ìyẹn ń bá bọ̀ ni wọ́n jọ fi kọlu ara wọn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ìkọlù díẹ̀ níbẹ̀.

Wàyí o, mélòó nínú fèrè tó ń ké kiri Abẹ́òkúta ló ń lọ mú olè? Èmi kì í ka iye ọlọ́pàá tó wà nídìí ẹlẹ́wà àgọ̀nyìn láàárọ̀, ọlọ́pàá náà gbọ́dọ̀ jẹun. Àmọ́ mo ti rí ọkọ̀ tó fi fèrè tú gosíló ká láti òkè Ìtòkú, tó wá lọ gúnlẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Ẹni tó bọ́ọ́lẹ̀ yan búrẹ́dì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó rọ̀.

Ti fìlà tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àyè yìí ṣe nà tó, ẹ wo iwájú ọkọ̀ aládàáni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín ní gosíló. Ẹ ó rí fìlà ọlọ́pàá tí wọ́n tẹ́ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí àmì orí rẹ̀ lè kọjú síta dáadáa. Nígbà mìíràn, bẹ́líítì aṣọ iṣẹ́ ni, tàbí jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn àga. Ọkọ̀ náà lè má ní ìwé kankan tó pé, iná ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti kú láti ọdún tó kọjá. Fìlà ni ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Èyí tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ jẹ́ ọlọ́pàá. Àbúrò ìyàwó ọlọ́pàá lè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà SPY ṣe bẹ̀rẹ̀, nọ́ḿbà tí ó yẹ kó wà fún àwọn tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ láti máa ṣọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, tó wá di ohun tí olówó ń lẹ̀ mọ́ jíìpù kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn dúró. Ó burú débi pé ní 2022, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìgbà náà, Usman Alkali Baba, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lójú títì, ì báà jẹ́ ẹni tó gbàṣẹ.

Ẹni tí yóò yáni lẹ́wù, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ní 2025 tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tún gbé ìwé àṣẹ gíláàsì dúdú jáde, tí wọ́n ní òfin 1991 ló ni ká ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, kì í ṣe owó ìwé náà nìkan làwọn èèyàn ń pariwo lé lórí níbi tí mo ti ń ra epo. Gíláàsì ọkọ̀ àwọn tó ń dáni dúró ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Bẹ́líìtì ààbò ni ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ọlọ́pàá ní àwíjàre díẹ̀ sí, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọlọ́pàá kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Ọbàńtokò ló là á yé mi, bùọ̀dá tí kì í pariwo rárá. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ń mú wa fún bẹ́líìtì, ẹ̀yin kì í sì í dè é." Ó ní, "Jókòó síbi tí mo ń jókòó ná." Ó ní ìbọn gígùn wà láàárín orúnkún òun, ìdí rẹ̀ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká. Bẹ́líìtì gba àyà kọjá, ó ká ìbọn mọ́ ara. Bí àwọn ẹni ibi bá da ìbọn bo ọkọ̀ lójú ọ̀nà òru, ìṣẹ́jú àáyá kan tí òun yóò fi wá bọ́tìnnì bẹ́líìtì ni ẹ̀mí òun wà. Ó tún ní, "Àwọn tó jókòó sẹ́yìn Hilux ńkọ́? Bẹ́ǹṣì igi ni wọ́n jókòó lé. Bẹ́líìtì wo ni kí wọ́n dè?"

Mo rò ó títí. Ti òru lójú ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, n kò lè bá a jiyàn. Àmọ́ ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ láàárín Ìbarà àti Òkè-Mósàn, ta ló ń da ìbọn bo ta ni? Ohun tó ń pa ọlọ́pàá níbẹ̀ bó bá máa pa á, gíláàsì iwájú ọkọ̀ ni. Àjọ ìlera àgbáyé ní bẹ́líìtì ń dín ewu ikú àwọn tó jókòó níwájú kù ní ìwọ̀n bí 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sọ pé àyàfi bí wọ́n bá wọ dúdú lórí dúdú. Ti bẹ́ǹṣì Hilux ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ọmọ tó jókòó lé e. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà tó sì gbé bẹ́ǹṣì sí i lẹ́yìn ni ká bi. Bó bá jẹ́ pé oníkọ̀rọ̀pé kan ló to èèyàn mẹ́fà sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní òrùlé báyẹn, ọjọ́ náà ni wọn yóò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ikú náà kì í sì í bèèrè ẹni tó wọ aṣọ. Ní oṣù Kejìlá 2012, ọkọ̀ tó gbé Gómìnà Idris Wada ti Kogí ní ìjàǹbá. Ẹsẹ̀ gómìnà kán, ọlọ́pàá tó jẹ́ ADC rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń tẹ̀ lé e kiri, kú. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2013, ọkọ̀ kan nínú ọ̀wọ́ ọkọ̀ gómìnà kan náà kọlu bọ́ọ̀sì tó gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Festus Iyayi, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, tẹ́lẹ̀, tó ń lọ sí ìpàdé ní Kánò. Ibẹ̀ ni Iyayi kú sí. Lápapọ̀, ìṣirò FRSC fi hàn pé àwọn tí ọkọ̀ pa lójú títì ilẹ̀ wa lé ní 5,000 ní 2023, wọ́n tún lé ní iye kan náà ní 2024.

Ta ni yóò wá dá ọlọ́pàá dúró? Níbí ni gbogbo rẹ̀ ti di. Ọmọ TRACE kò gbébọn. Èyí tí ẹ̀ ń rí lọ́wọ́ FRSC lójú títì ni ìwé àti báírò. Bí awakọ̀ kan bá fẹ́ lù wọ́n, ọlọ́pàá ni wọ́n ń ké pè. Báwo ni wọn yóò ṣe wá da ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró láàárọ̀, kí wọ́n tún fi fóònù pè é lọ́sàn-án pé kó wá gba àwọn sílẹ̀? Ó tún ku ti oyè. Kọ́ńsítébù tó wà lójú oríta kò lè ní kí ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ dúró. Lábẹ́ ètò tiwọn, ọ̀gá ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ iṣẹ́ nínú yàrá ìgbẹ́jọ́ wọn. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ń fìyà jẹ ara wọn níbẹ̀ fún wọ́nwéè. Ojú títì kì í rí i ni.

Ẹ wo Èkó. Ní 2012, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá fúnra rẹ̀ ló mú kọ́nẹ́ẹ̀lì sójà kan tó ń gba ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT. Lẹ́yìn ìgbà náà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń gba wọ́nwéè, tó ń sọ pé sójà lòun. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún àwọn gómìnà méjèèjì, mo sì bá wọn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí lèyí fi hàn wá? Pé láàárín gbogbo LASTMA, àwọn tó ń tọ́ ìrìnnà sọ́nà l'Ékòó, gbogbo FRSC àti gbogbo ọlọ́pàá tó wà lójú pópó Èkó, gómìnà nìkan ló lè dá aláṣọ dúró. Gómìnà kan kò sì lè dúró sí gbogbo oríta.

Ìlú wa ní ìdí láti tijú díẹ̀ ju ìlú mìíràn lọ lórí èyí. Nígbà tí wọ́n dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, ọmọ tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta, Wọlé Ṣóyínká, ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ bá wọn bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́.

N kò ní purọ́ pé ọlọ́pàá ló dá wọ́nwéè sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ títì wa, pàápàá nígbà Gómìnà Amósùn, kọ́ńkéré ti pín ọ̀pọ̀ ọ̀nà sí méjì, ibi tí a ti lè yípo sì jìn síra. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì gan-an lè ní láti lọ jìnnà kó tó padà wá. Epo sì wọ́n. Ọ̀kadà kì í tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdẹwò náà wà fún gbogbo wa. Ohun tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ń fi kún un ni pé ó ń ṣí ọ̀nà, bó ṣe ṣí i fún dírẹ́bà wa ní Kútọ̀.

Mo ti rí òdìkejì rẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan. Oríta Ìbarà ni, oòrùn ti mú. Obìnrin yẹ́lò fífà kan, ìyẹn àwọn tó ń fọwọ́ darí ọkọ̀ lóríta, dúró láàárín títì, ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ ti pọ́n. Ọlọ́pàá náà ni àwọn yẹ́lò fífà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ó gbọ́wọ́ sókè sí apá tiwa, ọkọ̀ pátíróòlù kan sì wà níwájú pátápátá. Dírẹ́bà rẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ lójú kan, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà kò wò ó lójú rárá. Ó kàn fọn fèrè ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ pátíróòlù sinmi. Ní ẹ̀gbẹ́ mi, ọlọ́kadà kan tó ti gun orí ìlà funfun wo ọkọ̀ ọlọ́pàá yẹn, ó fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ padà sẹ́yìn títí táyà rẹ̀ fi kúrò lórí ìlà. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn lórí àwọn òṣìṣẹ́ wọn láti 2015. Wọ́n wà lórí ìkànnì ayélujára, ẹ sì tún lè kọ̀wé sí Eléwéran, níbi tí olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Ògùn wà. Nọ́ḿbà ara ọkọ̀, ọjọ́, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ kọ, ẹ má kọ ìtàn gígùn. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà nídìí sítíárì nígbà tí ọkọ̀ wọn kọjá, ẹ má fa fóònù yọ láti yà á o. Owó ìtanràn ẹni tó ń lo fóònù nídìí ọkọ̀ lọ́dọ̀ FRSC jẹ́ 4,000 náírà, ẹ̀yin ni wọn yóò sì rí mú.